Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Kí Ni Ká Pe Ilé Àtijọ́ Tí Àlejò Ń Háyà Fi Sinmi?

Èmi ni olóòtú yàn láti kọ ẹ̀kọ́ ti tẹ́ẹ̀mù yìí. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ lórí àrànmọ́ kí n sì tètè parí rẹ̀, kí n lọ fọ aṣọ mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ kan tí olùkọ́ wa fún wa kí a tó lọ sílé kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó tẹ̀ lé mi láti òkè Ọya níbí dé Èkó, ó sì bá mi wọ inú ìpàdé ẹbí. Òun ni mo fẹ́ fi kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́.

Ìpolówó ilé kan ni wọ́n pín fún wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ilé náà wà nínú ìlú àtijọ́ Salvador, ní Bahia, orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Fúláàtì kan ni, lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta kan tó ti pẹ́, tí wọ́n ti tún ṣe. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ ga, èèyàn lè dúró níbẹ̀ kó máa wo òkun. Ẹ̀rọ amúlétutù wà, íntánẹ́ẹ̀tì wà, bẹ́ẹ̀dì ńlá wà, ilé ìdáná ń dán bíi dígí. Owó alẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ti oṣù tàbí ti ọdún. Olùkọ́ wa ní kí a túmọ̀ rẹ̀ sí irú Yorùbá tí ìyá àgbà ẹnikẹ́ni nínú wa lè gbọ́ ní àgbọ́yé.

Èmi kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ báyìí: "Ilé ìtura olówó ńlá nínú ilé àtijọ́ tí a ti tún ṣe." Inú mi dùn sí i. Olùkọ́ wa fi bíírò pupa yí "ilé" méjèèjì po, wọ́n sì kọ ìbéèrè kan péré sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi: "Ilé ta ni?"

Mo padà lọ wá ìdáhùn nínú ìpolówó náà. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n sọ iye yàrá, wọ́n sọ iye ẹni tó lè sùn síbẹ̀. Wọn kò sọ ẹni tó kọ́ ọ, tàbí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ká má parọ́, mo rò pé olùkọ́ wa kàn ń fi ìyà jẹ mí ni. Àṣé ẹ̀kọ́ ńlá ni.

Ohun tí "ilé" jẹ́ lẹ́nu wa

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ní Yorùbá, ilé kì í ṣe bíríkì àti páànù nìkan. Baálé kì í ṣe ẹni tí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí àwọn èèyàn inú ilé ni. Ìyálé kì í ṣe obìnrin tó ra ilé. Nígbà tí a bá sì ní "ilé wọn ti tú," kì í ṣe pé ògiri wó. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ló ti fọ́n ká. Nítorí náà, ilé kan lè tú kí ògiri rẹ̀ ṣì dúró, kí wọ́n tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà tuntun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe máa ń pín ilé ní ayé àtijọ́. Ìloro ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un lómi mu. Ìyẹ̀wù ni yàrá inú lọ́hùn-ún, àlejò kì í déédéé wọ ibẹ̀. Gbàgede tàbí àgbàlá ni ti gbogbo ilé. Àlejò kò ní ṣàì rí ibi sùn, ṣùgbọ́n onílé ló máa fi ibi tí yóò sùn hàn án. Nínú irú ilé tí ìpolówó yẹn ń sọ, kọ́kọ́rọ́ ìyẹ̀wù ni wọ́n ń kó lé àlejò lọ́wọ́, onílé kò sì sí nítòsí.

Òwe wa ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ìyẹn ni pé ẹni tó ti ṣe wàhálà níta, ilé rẹ̀ ló ń padà sí láti sinmi. Ẹni tó lọ sí Salvador lọ lo ọlidé yí òwe yìí po: ó fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ lọ sinmi nínú ilé ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé yẹn jẹ́ àbọ̀ sinmi oko fún, níbo ló wà báyìí?

Láti Bahia dé Èkó

Ẹ̀yin kan lè máa sọ pé kí ló kàn wá kan Salvador. Ó kàn wá gan-an. Ọdún 1549 ni àwọn Pọtogí dá ìlú náà sílẹ̀, òun sì ni olú ìlú Bùràsíìlì títí di 1763. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Pelourinho ni orúkọ àdúgbò tó gbajúmọ̀ jù nínú ìlú àtijọ́ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fídíò Michael Jackson tí wọ́n yà ní 1996, èyí tó ti ń jó láàárín àwọn onílù Olodum, ẹ ti rí Pelourinho: òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi sì tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ wọn jẹ́ Nàgó dìde ogun sí àwọn amúnisìn ní Salvador. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba lé àwọn kan padà sí ilẹ̀ Adúláwọ̀, àwọn mìíràn sì fúnra wọn ra ọ̀nà wálé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dé díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kọjá 1888 tí Bùràsíìlì fòpin sí oko ẹrú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí Èkó, ní àdúgbò tí a ń pè ní Pópó Àgùdà. Bíríkìlà àti káfíńtà wà láàárín wọn, irú ilé tí wọ́n mọ̀ ní Bahia ni wọ́n sì kọ́: pẹ́tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gíga, iṣẹ́ ọnà sìmẹ́ǹtì lórí ilẹ̀kùn. Àgùdà kan tó ń jẹ́ João Baptista da Costa wà lára àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní òpópónà Kakawa, João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní kékeré tó sì padà wálé, kọ́ ilé kan tí kànga wà nínú rẹ̀. Omi kànga náà ni wọ́n ń tà fún àwọn ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé, ni wọ́n bá ń pe ilé náà ní Casa da Água, ìyẹn Ilé Omi.

Òpópónà kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Ti + òkun + bọ̀ ni. Fáwẹ̀lì "ti" ni a pa jẹ, ó di Tòkunbọ̀. Lónìí, ẹ bá sọ "tòkunbọ̀," mọ́tò àlòkù ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Èèyàn ló kọ́kọ́ ti òkun bọ̀, kí mọ́tò tó bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tún ilé àtijọ́ ṣe

Ilé tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún kò ṣeé tún ṣe bí ilé àná. Wọ́n máa ń fi amọ̀ tàbí bíríkì mọ ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá fi ẹfun rẹ́ ẹ: ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí tí wọ́n bá sun òkúta ẹfun tàbí ìkarahun inú omi. Irú ògiri yìí ń mí. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀rinrin á wọ inú rẹ̀; bí oòrùn bá yọ, ọ̀rinrin náà á rí ọ̀nà jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé bíríkìlà òde òní á rí ibi tó là, á da sìmẹ́ǹtì bò ó. Sìmẹ́ǹtì á dí ògiri ní imú. Omi tó wà nínú kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, á máa jẹ amọ̀ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, sìmẹ́ǹtì á bó lulẹ̀ pẹ̀lú ara ògiri.

Igi náà tún wà níbẹ̀. Pákó ni ilẹ̀ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Àlejò tó ń san owó ńlá máa fẹ́ ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ilé àtijọ́ kò ní ju ilé ìwẹ̀ kan lọ, ní àgbàlá. Bí wọ́n bá gbé táǹkì omi àti táìlì lé orí pákó tí wọn kò yẹ̀ wò, ilé lè jìn. Bákan náà ni ẹ̀rọ amúlétutù: àwọn àgbà gbé àjà sókè, wọ́n ṣe fèrèsé sí iwájú àti ẹ̀yìn kí atẹ́gùn lè gba inú kọjá. Bí a bá dí fèrèsé wọ̀nyẹn pa nítorí amúlétutù, ọjọ́ tí iná bá lọ, a ti jó.

Ní 1964, àwọn onímọ̀ nípa ilé àtijọ́ pàdé ní Venice, ní Ítálì, wọ́n sì kọ ìlànà kan tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé títí dòní. Wọ́n ní lílò ilé àtijọ́ fún ohun tó wúlò fún àwùjọ ń ràn án lọ́wọ́ láti pẹ́, ṣùgbọ́n lílò náà kò gbọ́dọ̀ yí ètò ilé àti ẹwà rẹ̀ padà. Ẹ kíyè sí i: wọn kò ní kí a tì í pa. Ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ ń yára bàjẹ́. Gbogbo wa la mọ bẹ́ẹ̀. Ní Salvador, wọ́n sọ ilé àwọn àlùfáà Carmo tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1586 di hòtẹ́ẹ̀lì nígbà kan, ògiri rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ní tiwa, ẹ wo Ilé Ìlọ́jọ́ tó wà ní Tinubu Square. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o. Ká ní wọ́n ti tún un ṣe tí àlejò ń san owó sùn síbẹ̀ ni, ǹjẹ́ kò ní ṣì wà lónìí? Èmi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ilé tó ń pa owó wọlé máa ń ní alágbàwí.

Owó rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ lò o. Ká ní ayálégbé kan ń san ₦600,000 lọ́dún fún fúláàtì kan. Ká ní wọ́n tún fúláàtì náà ṣe, wọ́n sì ń gba ₦50,000 lálẹ́ kan. Bí àlejò bá sùn síbẹ̀ ní alẹ́ 100 péré nínú ọdún, ₦5,000,000 ni. Ẹnu á ya èèyàn! Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹ yọ owó epo jẹnẹrétọ̀, ti omi, ti ẹni tó ń gbálẹ̀ tó sì ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ti sìkiọ́rítì, àti ti ìkànnì tó ń wá àlejò wá. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdajì, ó ku ₦2,500,000. Ẹ yọ ₦600,000 tí ayálégbé ì bá ti san, èrè tó kù jẹ́ ₦1,900,000. Bí àtúnṣe bá wá jẹ́ ₦20,000,000, ó máa gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ kí owó náà tó padà. Nítorí náà ẹni tó bá ní ọdún kan péré ni èrè máa dé, ẹ ní kó jókòó ṣírò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pelourinho

Ibi yìí ni ìbéèrè olùkọ́ wa ti dé. Nígbà tí àwọn olówó Salvador kó kúrò ní Pelourinho lọ sí àdúgbò tuntun, àwọn tálákà ló kó sínú ilé ńlá wọ̀nyẹn. Ìdílé púpọ̀ ń gbé nínú ilé kan, bíi fésì-mí-n-fésì-ẹ tiwa. Púpọ̀ nínú wọn, ọmọ ọmọ àwọn ẹrú ni wọ́n. Ilé ń bàjẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn ló ń lù, àwọn ló ń jó níbẹ̀. Ní 1985, UNESCO kọ ìlú àtijọ́ náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ní nǹkan bí 1992, ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá. Wọ́n tún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ṣe, wọ́n kùn wọ́n, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n wọ́n fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní owó díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ilé àlejò ló rọ́pò wọn.

Ògiri dúró, ilé tú. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Kì í ṣe Salvador nìkan. Ní Barcelona, ní Sípéènì, fúláàtì tó lé ní 10,000 ni wọ́n ti fún ní ìwé àṣẹ láti máa gba àlejò ọlidé, àwọn ọmọ ìlú sì ń pariwo pé àwọn ò rí ilé háyà mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, olórí ìlú náà kéde pé wọn kò ní tún ìwé àṣẹ náà ṣe mọ́, àti pé kí oṣù kọkànlá ọdún 2028 tó parí, gbogbo wọn á padà di ilé ìgbé.

Ìpàdé ẹbí wa

Mi ò bá má kọ apá yìí, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n lóye iṣẹ́ náà. Ẹbí bàbá mi ní ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Erékùṣù Èkó, kò jìnnà sí Pópó Àgùdà. Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìwé ìtàn ń dárúkọ o. Ìyá Àgbà mi ń gbé ìsàlẹ̀. Òkè, ayálégbé ni. Ògiri ẹ̀yìn ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnì kan sì ti da sìmẹ́ǹtì bò ó nígbà kan. Nínú ọlidé yìí, wọ́n pe ìpàdé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí a tà á fún àwọn tó máa wó o kọ́ ilé alájà mẹ́fà, kí kálukú gba tirẹ̀. Àǹtí wa, àbúrò bàbá mi, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí a tún un ṣe, kí a sọ ọ́ di shortlet, pé àwọn tó ń ti Bùràsíìlì, Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù wá wo ilé bàbá wọn máa háyà rẹ̀.

Ìyá Àgbà béèrè pé, "Ṣọ́ọ̀tì kí ni? Ṣòkòtò péńpé ni àbí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní, "Ìwọ tó ń ṣe Yorùbá Club, bá wa sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá Àgbà, ilé ìtura ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dà."

Wọ́n wò mí. "Ìtura ta ni, ọmọ mi?"

Bíírò pupa olùkọ́ wa ló wá sí mi lọ́kàn. Mi ò lè dáhùn. Ìyá Àgbà wá kọjú sí àwọn ọmọ wọn: "Mi ò ní kí ẹ má tún ilé ṣe. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ mi bá pé, pálọ̀ yìí ni wọ́n tẹ́ bàbá yín sí, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ èmi náà sí. Ṣé ẹ máa kọ́kọ́ pe àlejò lórí fóònù bóyá àyè wà ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra wọn tẹ orí ba. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé àwọn ò ní ta á. Wọ́n ní yàrá Ìyá Àgbà, pálọ̀ àti àgbàlá kò ní kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Òkè nìkan ni wọ́n máa tún ṣe fún àlejò, bí wọ́n bá rí owó àti bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ ẹfun.

Àmọ́ nǹkan kan ń gún mi lọ́kàn. Ayálégbé tó wà lókè, télọ̀ ni wọ́n. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Àwọn ló rán yúnífọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ yìí. Nínú gbogbo ìpàdé, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn. Mo ti ka Pelourinho, mo ti ń dá àwọn ará ibẹ̀ lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ àwa náà jókòó nínú pálọ̀ wa, à ń ṣe bíi tiwọn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi kò gbà á. Alẹ́ ni mo tó sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Òótọ́ lo sọ. Kò sẹ́ni tó lè pinnu nípa òkè láìpe ẹni tó wà lókè. Tí wọ́n bá pàdé ní Kérésìmesì, èmi fúnra mi ni màá pè wọ́n." Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Mi ò mọ bó ṣe máa parí.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: kí ni ká pè é?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí gírámà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo Èkó mọ̀ ni shortlet, kò sì sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò. Ṣùgbọ́n a lè ṣẹ̀dá tiwa. Ẹ wo méjì tí a ti ní:

Ayálégbé: a + yá + ilé + gbé. Ẹni tó yá ilé láti gbé inú rẹ̀ ni.

Àyálò: à + yá + lò. Ohun tí a yá láti lò ni.

Ẹ ṣe àkíyèsí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì. "A-" olóhùn àárín máa ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe nǹkan, bíi apẹja àti akọ̀wé. "À-" olóhùn ìsàlẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ bíi àyálò àti àjẹkù, tọ́ka sí ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Tí a bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, ẹni tó háyà ilé fún ọlidé jẹ́ ayálésinmi (a + yá + ilé + sinmi). Ilé náà sì jẹ́ ilé àyásinmi (à + yá + sinmi). Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé ìtura lọ, nítorí "yá" wà nínú rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá yá, ó ní ẹni tó ni ín, a sì máa dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń béèrè pé "Ilé ta ni?"

Ìtumọ̀ tuntun tí mo fi lé olùkọ́ wa lọ́wọ́ nìyí: "Fúláàtì àyásinmi, gbígbẹdẹmukẹ, lókè ilé àtijọ́ kan tí àwọn onílé ti tún ṣe. Ẹ béèrè ìtàn ilé lọ́wọ́ wọn nígbà tí ẹ bá dé." Olùkọ́ wa ní gbólóhùn kejì kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní mo mọ̀, mà. Wọ́n fún mi ní 7 nínú 10, wọ́n ní ògbufọ̀ kì í fi tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo gbà.

Ìdánrawò

1. Fọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí mọ́fíìmù, kí o sì sọ fáwẹ̀lì tí a pa jẹ níbi tó bá ti wáyé: ìyálé, ayálégbé, àjẹkù, apẹja, Tòkunbọ̀.

2. Sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìloro, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹ̀wù àti gbàgede. Èwo ni ilé yín kò ní mọ́? Kí ló rọ́pò rẹ̀?

3. Ilé àyásinmi, ilé àlejò, ibùwọ̀: èwo lo rò pé ó bá shortlet mu jù? Fi ìdí méjì gbe èrò rẹ lẹ́yìn.

4. Kọ àròkọ aláríyànjiyàn lórí: "Ó sàn kí a sọ ilé àtijọ́ di ilé àyásinmi ju kí a fi í sílẹ̀ fún ayálégbé lọ."

5. Ní ọlidé tó ń bọ̀, béèrè lọ́wọ́ àgbà kan orúkọ ẹni tó kọ́ ilé tí ẹ ń gbé, àti orúkọ ẹni tó gbé inú rẹ̀ pẹ́ jù. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn prep ni a máa jíròrò àwọn ìdáhùn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ilé àyásinmi lọ, kó mú un wá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ìjà gírámà ni o. Ire o.